Wá Ẹgbẹ́ Kí O Tó Wá Ọkọ̀: Ìmọ̀ràn fún Ẹni Tó Ń Wọ EVE Online

Ìbéèrè tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ EVE Online ni pé, ọkọ̀ wo ló dára jù? Ìbéèrè náà bójú mu. Géèmù ọkọ̀ òfuurufú ni, ọkọ̀ inú rẹ̀ sì lé ní ọgọ́rùn-ún mẹ́ta, láti orí corvette kékeré tí wọ́n ń fi bẹ̀rẹ̀ títí dé titan, tó tóbi bí ìlú. Síbẹ̀, ìbéèrè mìíràn wà tó yẹ kó ṣáájú: ta ni màá bá rìn? Ẹni tó bá fi ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ wá ẹgbẹ́ rere yóò pẹ́ nínú géèmù yìí, yóò sì gbádùn rẹ̀. Ẹni tó bá fi ọ̀sẹ̀ méjì náà wá owó ọkọ̀ ńlá, lọ́pọ̀ ìgbà ọkọ̀ ńlá ọ̀hún ni yóò lé e jáde. Bí wọ́n ṣe kọ́ ayé géèmù náà gan-an ló sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀, kì í ṣe pé àwọn ènìyàn inú rẹ̀ burú.

Ilé-iṣẹ́ CCP Games ní Reykjavík, olú-ìlú Iceland, ló gbé EVE jáde ní ọjọ́ 6 oṣù Karùn-ún ọdún 2003. Nínú ọ̀pọ̀ géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n máa ń pín èrò sí oríṣiríṣi ayé tó jọra, débi pé ohun tí o ṣe nínú ọ̀kan kò kan ẹni tó wà nínú èkejì. EVE yàtọ̀. Tí a bá yọ ilẹ̀ Ṣáínà kúrò, tó ní tirẹ̀ lọ́tọ̀, gbogbo èrò jákèjádò ayé ló wà nínú ayé kan ṣoṣo, lórí sáfà kan tí wọ́n ń pè ní Tranquility, tó wà ní London. Orúkọ ayé náà ni New Eden. Ó ní oòrùn tó lé ní 7,000, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú pílánẹ́ẹ̀tì tirẹ̀, tí àwọn tó ń gbá a ń pè ní system, ẹnubodè ló sì so ọ̀pọ̀ nínú wọn pọ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú ọkọ̀ àti ohun ìjà tó wà lọ́jà, àwọn ènìyàn bíi tìrẹ ló wa òkúta rẹ̀, tí wọ́n yọ́ ọ, tí wọ́n rọ ọ́, tí wọ́n sì gbé e lọ tà ní Jita, ọjà tó tóbi jù lọ. Bí o bá ra ìbọn kan ní Jita, ẹnì kan ló rọ ọ́, ẹlòmíràn ló sì kó irin rẹ̀ gba ojú ọ̀nà tó léwu.

System kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà ààbò. Láti 1.0 dé 0.5 ni high-sec, níbi tí àwọn ọlọ́pàá géèmù, CONCORD, ti ń ṣọ́. Láti 0.4 dé 0.1 ni low-sec, níbi tí CONCORD kì í dé. 0.0 àti ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ni null-sec, níbi tí òfin kankan kò sí àfi èyí tí ẹgbẹ́ tó bá gba ilẹ̀ náà bá fi lélẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ àlejò kì í tètè mọ̀ ni pé CONCORD kì í gbani là, ẹ̀san ló máa ń gbà. Bí ẹnì kan bá kọlù ọ́ ní high-sec, wọn yóò dé láti pa á, ṣùgbọ́n ní system 0.5, dídé wọn lè gba nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú-àáyá, ìyẹn sì tó láti fọ́ ọkọ̀ akẹ́rù. Àwọn adigunjalè inú géèmù mọ ìṣirò yìí dáadáa. Wọn yóò kó ọkọ̀ olówó pọ́ọ́kú mẹ́wàá jọ sí ẹnubodè, wọn yóò yẹ ẹrù rẹ wò, wọn yóò sì ṣírò bóyá ohun tí yóò ṣẹ́kù lẹ́yìn tí ọkọ̀ rẹ bá fọ́ ju owó ọkọ̀ mẹ́wàá tí ọlọ́pàá yóò fọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ lọ. Bó bá jù ú lọ, o ti di ẹran ọdẹ nìyẹn. Ọkọ̀ tó bá sì fọ́ nínú EVE, ó fọ́ pátápátá. Ìbánigbófò yóò san díẹ̀ lórí ara ọkọ̀, kò ní san kọ́bọ̀ lórí ohun èlò tí o dè mọ́ ọn.

Ronú wo ohun tí èyí túmọ̀ sí fún ẹni tó dá wà. Bí ọkọ̀ rẹ bá ti ń tóbi sí i ni èrè ẹni tó ń dọdẹ rẹ ń pọ̀ sí i, ààbò rẹ kò sì pọ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Nínú géèmù mìíràn, ohun ìjà tó dára jù máa ń sọ ènìyàn di alágbára. Níbí, ó ń sọ ọ́ di ẹran tó sanra. Àwọn tó ti pẹ́ níbẹ̀ máa ń kìlọ̀ pé kí ènìyàn má gun ọkọ̀ tí kò lè gbà kó fọ́. Òótọ́ ni wọ́n sọ, ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ náà kò pé, nítorí ẹni tí ẹgbẹ́ ń san ọkọ̀ padà fún lè gba ọ̀pọ̀ ọkọ̀ lófò tí ẹni tó dá wà kò lè gbà.

Ìtàn géèmù náà fi èyí hàn ní gbangba. Ní oṣù Kìíní ọdún 2013, ní system kan tó ń jẹ́ Asakai, awakọ̀ titan kan fẹ́ ṣí ọ̀nà òjijì fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kí wọ́n gba ibẹ̀ lọ bá ọ̀tá. Ó ṣì bọ́tìnnì tẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló fò lọ sí àárín ọ̀tá. Ọkọ̀ tó gba ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ọ̀sẹ̀ púpọ̀ láti kàn di ohun tí wọ́n yí ká lójú ẹsẹ̀, kò sì sí agbára kankan nínú rẹ̀ tó lè yọ ọ́. Kí ẹgbẹ́ rẹ̀ tó lè gbìyànjú àtigbà á là, wọ́n ní láti sáré pe ara wọn. Àwọn ọ̀tá náà pe tiwọn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló ya dé kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọdún kan lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 27 oṣù Kìíní ọdún 2014, èyí tó tún tóbi ju ti Asakai lọ ṣẹlẹ̀ ní B-R5RB. Ẹgbẹ́ kan ní ibùdó ńlá níbẹ̀, owó ìtọ́jú ilẹ̀ tó yẹ kí wọ́n san kò wọlé, system náà bọ́ lọ́wọ́ wọn, àwọn ọ̀tá sì rọ́ wọ̀ ọ́. Ìjà náà gba nǹkan bíi wákàtí mọ́kànlélógún. Àwọn tó kópa nínú rẹ̀ lé ní 7,500, titan 75 ló fọ́, wọ́n sì ṣírò àdánù náà sí nǹkan bíi 300,000 dọ́là owó gidi. Wo ohun tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀: owó kan tí kò wọlé. Gbogbo irin tó wà nínú ibùdó náà kò fi nǹkan kan kún ààbò wọn lọ́jọ́ tí ètò inú ilé yẹ̀.

Nítorí náà, ohun tí ẹgbẹ́ rere ń fúnni ju kí a wulẹ̀ pọ̀ lọ. Àkọ́kọ́ ni ìsanpadà ọkọ̀, tí wọ́n ń pè ní SRP. Bí ọkọ̀ rẹ bá fọ́ lójú ìjà tí ẹgbẹ́ pè ọ́ sí, tí o sì gun irú ọkọ̀ tí wọ́n ní kí o gùn, ẹgbẹ́ yóò san owó rẹ̀. Ẹni tó bá mọ àjọ dáadáa yóò tètè lóye èyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kì í ṣe ọ̀kan náà: nínú àjọ, ohun tí o dá ni o ń kó, níbí, láti inú owó orí àti ohun àlùmọ́ọ́nì ilẹ̀ ẹgbẹ́ ni wọ́n ti ń san án, ẹni tuntun tí kò tíì dá kọ́bọ̀ lè jẹ nínú rẹ̀. Èkejì ni ìròyìn. Ní null-sec, ẹgbẹ́ ní yàrá ọ̀rọ̀ kan tó jẹ́ pé bí àjèjì bá kọjá ẹnubodè, ẹni tó rí i yóò kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀, àwọn tó ń wa òkúta ní ẹnubodè mẹ́ta sí ibẹ̀ yóò sì ti sá wọlé kó tó dé. Ẹ̀kẹta ni ìmọ̀, mo sì ka èyí sí ju méjèèjì lọ. EVE kì í ṣàlàyé ara rẹ̀. Bí a ṣe ń to ohun èlò sára ọkọ̀, bí a ṣe ń mọ ìgbà tó yẹ ká sá, ìdí tí ohun kan fi wọ́n ní Jita tó sì pọ̀ ní ibòmíràn: ẹnu ènìyàn lo ti máa gbọ́ wọn. Láti ọdún 2004 ni EVE University ti ń kọ́ àwọn ẹni tuntun lọ́fẹ̀ẹ́, tòun ti kíláàsì àti olùkọ́, nítorí àwọn tó dá a sílẹ̀ rí i pé àìmọ̀ ló ń lé èrò jáde.

Ẹnì kan yóò ní: ṣé géèmù tí ọ̀dàlẹ̀ pọ̀ sí bẹ́ẹ̀ lo ní ká lọ fọkàn tán ènìyàn? Àtakò gidi ni, ẹ̀rí rẹ̀ kò sì kéré. Ní ọdún 2005, ẹgbẹ́ amí kan tó ń jẹ́ Guiding Hand Social Club wọ inú ẹgbẹ́ Ubiqua Seraph, wọ́n bá wọn jẹ, wọ́n bá wọn mu fún nǹkan bí ọdún kan, títí wọ́n fi gba kọ́kọ́rọ́ àká. Lọ́jọ́ kan náà ni wọ́n kó àká, tí wọ́n sì pa ọ̀gá ẹgbẹ́ nínú ọkọ̀ tó gùn. Ní oṣù Kejì ọdún 2009, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá Band of Brothers, tí ó wà lára àwọn ẹgbẹ́ tó lágbára jù nígbà náà, yí padà sọ́dọ̀ Goonswarm tó jẹ́ ọ̀tá wọn, ó sì tú ẹgbẹ́ náà ká. Ẹ̀tọ́ wọn lórí ilẹ̀ tí wọ́n fi ọdún púpọ̀ gbà bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ láìsí pé ọ̀tá yin ìbọn kankan. CCP kò dá ohun tí wọ́n jí padà, nítorí pé nínú òfin géèmù náà, irọ́ àti ìdàlẹ̀ jẹ́ ara eré, níwọ̀n ìgbà tó bá dúró sínú eré.

Ṣùgbọ́n wo ibi tí ọ̀bẹ ti wọlé nínú ìtàn méjèèjì. Ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ ló dalẹ̀, àwọn tó ní àká ló sì pàdánù. Ẹni tuntun kò ní kọ́kọ́rọ́, kò sì ní àká. Ọkọ̀ rẹ̀ kò ju èyí tí ẹgbẹ́ lè fún un ní mẹ́wàá lọ́fẹ̀ẹ́. Nínú gbogbo ìgbésí ayé rẹ nínú EVE, ìgbà tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ dé yìí gan-an ni fífọkàn tán ènìyàn kò ná ọ ní púpọ̀. Tún wò ó láti apá kejì: ẹni tó dá wà kò bọ́ lọ́wọ́ gbájúẹ̀. Ní Jita, láti òwúrọ̀ dé alẹ́, ni wọ́n ń kọ ọ́ pé fi owó ránṣẹ́, a ó sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Ẹni tí yóò kó sí i ni ẹni tí kò ní ẹnì kankan tí yóò bi pé, ṣé òótọ́ ni? Ìbéèrè ìṣẹ́jú kan nínú yàrá ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ ti gba àpò ọ̀pọ̀ ènìyàn là. Géèmù náà sì fún ọ ní ohun kan tí ayé gidi kò fúnni: gbogbo ẹgbẹ́ tí ẹnì kan ti wà rí, pẹ̀lú ọjọ́ tó wọlé àti ọjọ́ tó jáde, wà lára orúkọ rẹ̀ ní gbangba, kò sì lè pa á rẹ́.

Àtakò kejì ni ti àwọn tó fẹ́ dá rìn. Wọ́n lè tọ́ka sí Katia Sae, arìnrìn-àjò inú géèmù tó dé gbogbo system tó wà ní New Eden, tó lé ní 7,800, láìpàdánù ọkọ̀ kan. Ó gbà á ju ọdún mẹ́sàn-án lọ, ó sì parí rẹ̀ ní 2019. CCP gbé ère rẹ̀ kalẹ̀ nínú géèmù. Iṣẹ́ tó yani lẹ́nu ni. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹgbẹ́ ni Katia Sae. Signal Cartel ni ẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn tí kì í kọlu ẹnikẹ́ni, tí wọ́n ń fi ìwádìí ọ̀nà ṣiṣẹ́, tí wọ́n sì ń yọ àwọn tó bá há sí inú wormhole, àwọn system tí ẹnubodè kò dé. Ohun tí mo ń sọ kò ní kí o máa bá èrò rìn lójoojúmọ́. Ẹgbẹ́ wà fún ẹni tó fẹ́ dá rìn pẹ̀lú. Àwọn mìíràn gbà pé owó yóò ṣe é: wọn yóò fi owó gidi ra PLEX, ọjà tí CCP ń tà, wọn yóò tà á lọ́jà fún ISK, owó géèmù, wọn yóò sì ra ọkọ̀ ńlá lọ́jọ́ kìíní. Géèmù gbà wọ́n láyè. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọdẹ ẹnubodè ń gbàdúrà fún. Fi owó rẹ pamọ́ ná: láti oṣù Kọkànlá ọdún 2016 ni o ti lè gbá EVE lọ́fẹ̀ẹ́ gẹ́gẹ́ bí Alpha, pẹ̀lú ààlà lórí ìmọ̀ tí o lè kọ́ àti ọkọ̀ tí o lè gùn. Owó Omega, tó ń mú ààlà náà kúrò, di dọ́là 19.99 lóṣù ní 2022. Má san án kí o tó ní ẹgbẹ́ tí o fẹ́ràn.

Àtakò kan wà tí n kò lè kó dànù, òun ni ti àkókò. Ẹgbẹ́ mìíràn máa ń sọ eré di iṣẹ́: wọn yóò pè ọ́ ní aago mẹ́ta òru nítorí ibùdó kan, wọn yóò ka iye ìjà tí o wá lóṣù, ọ̀gá yóò máa pariwo mọ́ ènìyàn lórí makirofóònù. Ẹni tó níṣẹ́ tó sì ní ìdílé kò gbọ́dọ̀ wọ irú rẹ̀, bó ti wù kó lókìkí tó. Ohun tó ń mú kí èyí ṣeé yẹ̀ sílẹ̀ ni pé ìmọ̀ tí o ń kọ́ nínú EVE máa ń tẹ̀síwájú bí o tilẹ̀ ti pa kọ̀ǹpútà, nítorí náà ẹni tó ń wọlé ní alẹ́ méjì lọ́sẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ rẹ̀yìn. Fún ẹni tó wà ní Nàìjíríà, àǹfààní kan tún wà. Aago tiwa fi wákàtí kan ṣoṣo ṣáájú aago EVE, nítorí náà alẹ́ wa àti alẹ́ àwọn ará Yúróòpù bọ́ sí ìgbà kan náà. Ẹgbẹ́ tó bá ní Yúróòpù ni aago òun, ó bá ọ mu. Ọ̀sán gangan lọ́dọ̀ wa ni wọ́n máa ń ti sáfà fún ìtọ́jú lójoojúmọ́. Ní ti íntánẹ́ẹ̀tì tó ń fà, EVE kò le bíi géèmù ìbọn yínyìn, nítorí ẹ̀ẹ̀kan láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ni sáfà ń ka àṣẹ tí o pa. Ìpinnu tó tọ̀nà níyì níbẹ̀ ju ọwọ́ yíyára lọ. Iná mànàmáná tó lọ lójijì ni kí o ṣọ́ra fún: bí ìjà bá wà lórí rẹ nígbà tó lọ, ọkọ̀ rẹ kò ní pòórá kíá, ọ̀tá yóò bá a níbẹ̀.

Àwọn tí kò gbá a rí máa ń rò pé gbogbo ẹgbẹ́ wọ̀nyí kò ju ìdílé ọ̀daràn lọ. Ẹ̀rí tako wọn. Ní ọdún 2011, nígbà tí CCP bẹ̀rẹ̀ sí í ta aṣọ àti gíláàsì ojú nínú géèmù, ọ̀kan nínú wọn sì ń lọ bí 70 dọ́là, àwọn tó ti ń bá ara wọn jà fún ọdún púpọ̀ pàdé ní Jita, wọ́n sì yin ìbọn lu ère tó wà níbẹ̀ láti fi ìbínú wọn hàn. CCP pe ìgbìmọ̀ àwọn tí èrò dìbò yàn, CSM, wá sí Iceland láti jíròrò, lẹ́yìn-ò-rẹyìn ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ náà tọrọ àforíjì. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2012, nígbà tí wọ́n pa Sean Smith, òṣìṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà, ní Benghazi, òun kan náà ni Vile Rat, aṣojú Goonswarm, tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ẹnu ló fi ń ṣiṣẹ́ nínú géèmù ju ìbọn lọ. Àwọn ọ̀rẹ́ àti ọ̀tá rẹ̀ yí orúkọ ọ̀pọ̀ ibùdó káàkiri New Eden padà sí tirẹ̀. Ènìyàn kì í ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí kò já mọ́ nǹkan lójú wọn.

Wàyí o, bí a ṣe ń yan ẹgbẹ́. Wo àkọsílẹ̀ ìjà wọn lórí zKillboard, kí o sì wo wákàtí tí wọ́n ń jà. Bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ ìgbà tí o ń sùn, má wulẹ̀ kọ̀wé. Wọ yàrá ọ̀rọ̀ tí wọ́n ṣí fún àlejò, jókòó síbẹ̀ fún alẹ́ mẹ́ta láìsọ púpọ̀, kí o gbọ́ bí wọ́n ṣe ń dáhùn ẹni tó bá béèrè ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Ìyẹn nìkan lè tó láti pinnu. Béèrè iye owó orí, béèrè bóyá wọ́n ń san ọkọ̀ padà, kí o sì béèrè ẹni tó ń kọ́ ẹni tuntun: orúkọ ènìyàn ni kí wọ́n dá, kí wọ́n má sọ pé gbogbo wa ni. Bí wọ́n bá ní kí o san owó ìwọlé, tàbí kí o kó gbogbo ẹrù rẹ fún ẹnì kan kó bá ọ gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn, gbájúẹ̀ ni, sá. Bí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ yẹ lẹ́tà àti ohun ìní rẹ nínú géèmù wò, má bínú: ẹ̀rù amí ló ń bà wọ́n, ó sì ní ìdí. Ṣùgbọ́n ojú ewé ìwọlé CCP fúnra rẹ̀ ni kí o ti fún wọn láyè. Ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ kò tọ́ sí ẹnikẹ́ni. Bí èdè Gẹ̀ẹ́sì àwọn kan bá yára jù fún ọ lórí makirofóònù, kò burú. Ẹni tuntun kò ní láti sọ̀rọ̀ lójú ìjà. Etí ló nílò, àti lẹ́tà x kan tí yóò tẹ̀ nígbà tí olórí bá ní kí ẹni tó wà ní sẹpẹ́ dáhùn.

Fún wọn ní oṣù kan. Bí o bá rí i pé ojoojúmọ́ ni o ń wọlé láti bá ènìyàn sọ̀rọ̀ kí o tó rántí ọkọ̀, o ti dé ilé. Bó bá jẹ́ pé ìpè wọn ń bà ọ́ lọ́kàn jẹ́, tàbí tí kò sí ẹni tó dáhùn ìbéèrè rẹ láti ọjọ́ kẹta, jáde láìbínú, kí o sì dágbére fún ọ̀gá, nítorí orúkọ ẹgbẹ́ náà yóò wà lára ìtàn rẹ, ẹni tó bá fẹ́ gbà ọ́ lẹ́yìn wọn lè béèrè ọ̀rọ̀ rẹ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n kí o tó tẹ bọ́tìnnì ìjáde, kó ọkọ̀ àti ẹrù rẹ kúrò ní ibùdó tí ẹgbẹ́ náà kọ́ lọ sí ibùdó ìjọba ní high-sec, nítorí pé wákàtí tí o bá jáde ni wọ́n lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ. Bó bá jẹ́ inú wormhole ni wọ́n ń gbé, kó wọn ní ọjọ́ tó ṣáájú, nígbà tí o ṣì ní ẹni tí yóò bá ọ ṣọ́ ọ̀nà.